Aṣọ Opó Ni Mo Fi Gba Owó Náà

Mọ́rúfù ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkọ mi tó ti kú ṣì ní owó lọ́wọ́ ìjọba. Ẹnu fèrèsé yàrá opó ni ó dúró sí tó fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, n kò kàwé púpọ̀. Mo kà kéú díẹ̀, mo sì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgbà ní ìwé nírọ̀lẹ́. Ọjà ni mo mọ̀. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu mi. Ohun tí mo ṣe ni n ó sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè mọ ibi tó ń já sí.

Abdulmumini ni orúkọ ọkọ wa. Fọ́mánù ni níbi iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba. Ó fẹ̀yìntì ní 1988, ó kú ní 1990. Ìyàwó méjì ni ó ní nínú agbo ilé wọn ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin. Ràúdátù ni ìyáalé, ọmọ mẹ́rin ni ó bí, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, Awwal ni àkọ́bí rẹ̀. Èmi Hajarat ni ìyàwó kejì, Hadiyyah nìkan ni mo bí. Abọ́ tánganran ni mo ń tà ní Táíwò Road, àwọn báàfù ńláńlá àti abọ́ olómorí tí wọ́n ń rà fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ.

Ojú Ràúdátù ti ń ṣókùnkùn kí ọkọ wa tó kú. Dókítà ojú ní Kàdúná ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n sì ṣe é kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ojú tó bá ti kú tán, kò sí abẹ tó lè jí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n bù lé e. Ọkọ wa ń sá owó yẹn jọ lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀.

Yàrá kan náà ni èmi àti Ràúdátù ti ṣe opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni mùsùlùmí fi ń ṣe é. A kì í lé tìróò, a kì í fi lọ́fínńdà para, a kì í sì jáde nílé. Aṣọ dúdú kan náà là ń fọ̀, là ń wọ̀. Ẹní tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tèmi wà lẹ́bàá fèrèsé.

Bí Mọ́rúfù ṣe rí mi bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mẹ́séńjà ni ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó fún àwọn tó fẹ̀yìntì. Ràúdátù ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó dé.

"Ìyá Hadiyyah, ẹ sún mọ́ fèrèsé."

"Fún kí ni? Ṣé o ò mọ̀ pé mo wà nínú opó ni?"

"Ọ̀rọ̀ owó ni."

Mo sún mọ́ fèrèsé.

"Ìjọba ní ẹni tó bá sìn wọ́n títí tó fi fẹ̀yìntì, owó oṣooṣù ọdún márùn-ún dájú fún un," ó ní. "Bàbá gba ti ọdún méjì, wọ́n kú. Ti ọdún mẹ́ta yòókù kò ní run. Wọn ó ṣírò rẹ̀, wọn ó san án lẹ́ẹ̀kan náà fún àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀."

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún méje ó lé igba."

Mo di irin fèrèsé mú. "Ta ni wọn ó kó o fún?"

"Ìyàwó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé iwájú ọ̀gá ni ọ̀gá máa gbọ́ tẹnu ẹ̀. Tó bá ti sanwó tán, ó tán náà nìyẹn."

"Ìyàwó méjì ni wá."

"Ọ̀gá ò mọ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Ìyàwó kan lòun náà ní."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Ìyá Awwal?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Awwal á ní kí n lọ pe Alájì Garba wá. Alájì Garba á ní kí wọ́n pe àáfà. Kí ló wá kù témi máa jẹ níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ ọjà."

Alájì Garba ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wa, òun ni olórí agbo ilé. Òótọ́ ni Mọ́rúfù sọ. Mo mọ ọjà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnìkan tí mo ń ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Kánò ránṣẹ́ sí mi. Ó ní tánganran fẹ́ẹ́ wọ́n gógó, pé ẹni tó bá rà á báyìí yóò fi èrè kọ́lé. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo ń ṣírò. N ó gba owó náà, n ó fi ra ẹrù, n ó tà á nígbà ìgbéyàwó lẹ́yìn ààwẹ̀. Kí a tó jáde opó, n ó dá odidi owó náà padà fún àwọn ará ilé, n ó ní ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ san án. Èrè nìkan ni n ó jẹ. Ràúdátù yóò fi tirẹ̀ lọ Kàdúná, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Yíyá ni mo pè é. Olè tó bá ní òun yóò dá a padà, ayáwó ló máa ń pe ara rẹ̀.

Ó ku bí n ó ṣe jáde. Mo sọ fún Ràúdátù pé àwọn oníbàárà mi fẹ́ẹ́ kó gbèsè mi sá lọ.

"Ìyáalé mi, bí n kò bá lọ rí wọn, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?"

"Opó ni wá o, ìyàwó mi."

"Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ọlọ́run mọ ọkàn. Torí ebi ọmọ ni, kì í ṣe torí fàájì. Gba ẹ̀yìn ilé. Bí Alájì bá bèèrè rẹ, n ó ní o wà lórí ìrun."

Ẹ gbọ́ mi yé o. Obìnrin yìí kò purọ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni ó kọ́kọ́ purọ́ fún.

Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi ni orúkọ ọ̀gá ọ́fíìsì náà. Bí ó ṣe rí aṣọ dúdú lára mi, ó dìde lórí àga.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Omi dà? Mọ́rúfù, bu omi fún wọn."

Mo jókòó. Mo da ìborí bojú. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀, n kò tíì sun irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú.

"Ìyàwó mélòó ni olóògbé fi sílẹ̀?"

Mo fi etí ìborí nu ojú.

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọ̀kan."

Mọ́rúfù ti dúró sí ẹ̀yìn mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi mọ ilé wọn dáadáa."

Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi mi orí. "Èèyàn á tilẹ̀ fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì wà nínú dúdú ọkọ rẹ̀, kí ni èèyàn tún ń wádìí lára rẹ̀?"

Ó ti pádì yíǹkì síwájú mi, mo tẹ̀ka. Nígbà tí owó jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí mo tún yọ́ lọ gbà á, ó tún fa náírà mẹ́wàá yọ nínú àpò ara rẹ̀, ó ní kí n fi wọkọ̀.

Bó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin ni ọkùnrin yẹn, aṣọ yẹn náà ni yóò fi lé mi jáde. Yóò ní, "Opó wo ló ń rìn kiri Táíwò Road?" Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, opó tó bá wọ dúdú, òótọ́ ló ń sọ.

Mo dé sílé, mo so owó mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Yíǹkì ti ìjọ́sí kò tíì parẹ́ tán lára àtàǹpàkò mi. N kò fi pamọ́. Ta ni yóò rí i? Ojú Ràúdátù kò ríran dé ibẹ̀ mọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyáalé mi."

"Alájì bèèrè rẹ. Mo ní o wà lórí ìrun. Ó ní ìrun kí ni obìnrin yìí ń kí báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé wọ́n san gbèsè ọ̀hún?"

"Díẹ̀ ni wọ́n san."

"Ọlọ́run yóò fi àlùbáríkà sí i."

Owó ojú rẹ̀ wà ní ìdí mi, ó ń ṣe àdúrà sí i. Mo ní, "Àmín."

Kò pẹ́ ló tún sọ̀rọ̀. "Awwal ní òun fẹ́ lọ bèèrè bóyá nǹkan kù fún bàbá wọn lọ́dọ̀ ìjọba. Bí nǹkan bá kù, Kàdúná ni n ó kọ́kọ́ lọ."

"Ìjọba wo?" mo ní. "Ìjọba tí kì í sanwó fún alààyè, òkú ni yóò wá san án fún? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbájú mọ́ ìwé rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ó ní. "O mọ ayé jù mí lọ."

Mo fi owó ránṣẹ́ sí Kánò. Mọ́rúfù gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tirẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Èkó. N kò rí i mọ́ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ jáde opó ni ìròyìn dé pé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù mi bọ̀ ti dànù lẹ́yìn Mọ́kwá. Awakọ̀ kò kú, ẹrù kò jóná. Ẹnìkan ní kí n dúpẹ́. Ẹni náà kò mọ tánganran. Báàfù tó bá ti ṣá lára, ta ni yóò gbé e fún ìyàwó? Àwọn tó ń fún adìẹ lóúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rà á, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń san.

Mo gbọ́ ọ lórí ẹní opó, n kò gbọdọ̀ pariwo. Ràúdátù gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Inú ló ń run mí."

Ó táràkà dìde, ó ń fọwọ́ wá ògiri kiri, ó lọ fi omi gbígbóná po èkọ fún mi.

Ọjọ́ tí a jáde opó, wọ́n wẹ̀ wá, wọ́n fún wa ní aṣọ tuntun. Àáfà ṣe àdúrà, wọ́n pín sàráà. Gbogbo agbo ilé jókòó. Lẹ́yìn àdúrà ni Alájì Garba wúkọ́.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sanwó fún àbúrò mi. Mo ní kí n bèèrè bóyá nǹkan kù. Ọ̀gá wọn ní, 'Alájì, a ti san án. Ìyàwó wọn wá fúnra rẹ̀ nínú aṣọ opó. Àánú rẹ̀ ṣe mí.'"

Ó wò wá yí ká.

"Mo ní, 'Ọ̀gá, opó wo ló ń rìn ní Gàmbàrí?' Ó ní, 'Ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo.' Mo ní, 'Kan ṣoṣo bí ti báwo?'"

Àáfà gbé tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Sùbúhánàlláhì," àáfà ní.

"Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jáde?" Alájì Garba bèèrè.

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Ìyàwó ilé kan ló kọ́kọ́ fọhùn láti ẹ̀yìn. "Ṣebí ẹni tó ń wá owó ojú la mọ̀. Òun ni ká bi."

Mo gbọ́ ọ. Mo dákẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdákẹ́ yẹn burú ju owó tí mo gbà lọ.

"Ràúdátù, ṣé ìwọ ni?"

"Alájì, èmi tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀?"

"Hajarat ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bèèrè rẹ̀, ìwọ lo ní ó wà lórí ìrun."

Ràúdátù yíjú pé kí òun wò mí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó yíjú sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ògiri ni ó bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, ọjà lo ní ò ń lọ."

Gbogbo ojú wá bà lé mi.

"Owó náà dà?" Alájì Garba pariwo.

"Ó wà ní Mọ́kwá."

"Ta ló ń jẹ́ Mọ́kwá?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Awwal dìde, ó jáde. Àáfà ṣírò ogún náà níbẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ fún àwa ìyàwó méjèèjì, ìyókù fún àwọn ọmọ, kí ọkùnrin kan gba ti obìnrin méjì. Nígbà tí wọ́n yọ tèmi àti ti Hadiyyah, ti Ràúdátù àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ẹgbẹ̀rin àti àádọ́ta náírà.

"Owó ọmọ aláìníbàbá ni," àáfà ní. "Iná ni ẹni tó bá jẹ ẹ́ ń kó sínú."

"Odidi ni kí o gbé e wá," Alájì Garba ní. "A kì í san owó ogún ní ẹ̀yà-ẹ̀yà bí ẹran. Kó ẹrù rẹ, kúrò nínú ilé yìí."

Mo gba yàrá kan ní àdúgbò Fate, èmi àti Hadiyyah. Mo ta púpọ̀ nínú báàfù tó ṣá, owó rẹ̀ kò tó ohunkóhun. Òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò kan kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Awwal fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan kó parí, ó lọ ń bá wọn mọ búlọ́ọ̀kù. Owó búlọ́ọ̀kù ni ó fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Kàdúná nígbẹ̀yìn. Dókítà tan iná sí ojú rẹ̀, ó pa iná náà. Ó ní kí wọ́n máa gbé màmá lọ sílé.

Awwal máa ń gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá. Kì í bú mi. Kì í kí mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè san án. Mo fẹ́ sọ òótọ́ yìí pẹ̀lú. Ní 1993, owó náà pé lọ́wọ́ mi. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo ń lọ sí Gàmbàrí. Mo dé ojú ọ̀nà, mo dúró. Mo ní ojú ṣáà ti lọ, kí ni ìkánjú? Kí n fi ra ẹrù lẹ́ẹ̀kan sí i ná. Mo yà padà. Ọdún ìdìbò tí wọ́n fagi lé ni, ìlú dàrú, kò sẹ́ni tó gbéyàwó. Ẹrù jókòó tì mí. Nígbà tí n ó fi tà á tán, owó náírà ti di ewé.

Ní 1997, ọkọ yọ fún Hadiyyah, ọmọ dáadáa. Àwọn ẹbí ọkọ lọ bá Alájì Garba kó wá so yìgì, torí òun ni bàbá rẹ̀ báyìí.

"N kò ní so ó," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé owó àmáànà ọmọ aláìníbàbá wá."

Hadiyyah kò sunkún. Ó kọjú sí àwọn tánganran tuntun tí mo ti ń tò pamọ́ fún un látìgbà tó wà ní kékeré, báàfù, abọ́ olómorí, gbogbo rẹ̀.

"Màámi, ẹ tà á."

"Kí lo máa gbé délé ọkọ?"

"Àwọn tó ṣá ṣì kù lábẹ́ ibùsùn."

Mo tà á.

Èmi nìkan ni mo lọ sí Gàmbàrí. Ràúdátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa àtijọ́, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń mọ òkúta yàtọ̀.

"Ẹ kúulé o, ìyáalé mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Hajarat. O ti rù. Mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ."

Mo kúnlẹ̀. "Mo gbé owó yín wá. Ẹ dárí jì mí nítorí Ọlọ́run. Ojú yín, èmi ni mo fọ́ ọ."

"Ìwọ kọ́," ó ní. "Mo ní o wà lórí ìrun, o kò sì sí lórí ìrun. Mo fi orúkọ ìrun purọ́. Èmi mọ ohun tí Ọlọ́run torí rẹ̀ gba ojú mi."

"Ìyáalé mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún yín kí ẹ tó..."

"Gbé owó wá."

Kò fẹ́ gbọ́. Ọdún méje ni ó ti fi gbà á gbọ́. N kò ní agbára tí n ó fi bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀.

Mo kó owó sí itan rẹ̀. Ó ń fi ìka kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó gbójú sókè.

"Kò pé. Kò tilẹ̀ tó ìdajì."

"Ó pé, ìyáalé mi. Ẹ ń kà á bíi múrí. Kì í ṣe ogún náírà. Wàsóbíà ni gbogbo rẹ̀, àádọ́ta àádọ́ta."

"Háà." Ó mú ẹyọ kan, ó fi àtàǹpàkò ra á. "Mo máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ojú mi ti lọ kí wọ́n tó ná an. Báwo ló ṣe rí?"

Mo wo owó náà. N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

"Orí àwọn èèyàn ni wọ́n yà sí i. Wọ́n tò wọ́n. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀."

"Kí ni gbogbo èyí lè rà lónìí?"

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà inú igbá.

"Oníṣòwò ni ọ́. Sọ fún mi."

"Àpò ìrẹsì méjì. Bóyá owó ọkọ̀ á kù lé e."

Ó mi orí. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ní àádọ́ta àádọ́ta lọ́tẹ̀ yìí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, ó fa igbá ẹ̀wà sún mọ́ ara.

"Ó pé," ó ní. "Sọ fún Alájì kó so yìgì ọmọ náà. Máa lọ sílé, ìyàwó mi. Ó ti pé."